Ọkọ̀ Ìwà Rere Tí Bàbá Yà Sára Pákó

Toronto
Ọjọ́ kejì oṣù kejì, 1996

Bàbá mi,

Ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí yóò bá yín. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ mi. Ẹ kú orúnkún tó ń dùn yín. Èmi wà láàyè. Òtútù ibí ń géni jẹ bí akàn, ṣùgbọ́n inú ilé móoru, ilé ọ̀gá mi náà ni mo sì ń sùn.

Bàbá, Verlyn kọ̀wé sí mi. Ẹ má bínú sí i. Ọmọ àbúrò yín ni, ojú rẹ̀ sì ni mo fi ń rí Windward abúlé wa. Ó ní Kellon ń bá gbogbo ọmọ iléèwé jà, pé ó ti la ẹnì kan létè. Ó ní Jenelle tún ti ń tọ̀ sórí ibùsùn, ó sì ń purọ́ bí ẹni ń mu omi. Ó ní bẹ́líìtì yín kì í sinmi lórí ìṣó tí ẹ fi í kọ́ mọ́. Bẹ́líìtì yẹn lẹ fi tọ́ mi, mo mọ bó ṣe ń dún. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àpòòwé yìí. Nílé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ìwé yìí kan wà lára fìríìjì. Wọ́n ya ilẹ̀ yìnyín sí i, àti béárì funfun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọ̀nà tóóró kan sì gba àárín yìnyín lọ sílé wọn. Bí ọmọ ọ̀gá mi bá fọ eyín láìjẹ́ pé a pariwo lé e lórí, tàbí tó kó ohun ìṣeré rẹ̀ jọ, wọ́n á lẹ ìràwọ̀ dídán kan mọ́ ojú ọ̀nà náà. Bí ìràwọ̀ bá kún ọ̀nà dé ilé béárì, wọ́n á fún un lẹ́bùn. Ọmọ yẹn máa ń ta mí nípàá tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ó ń sọ pé "jọ̀wọ́". Ìdí nìyẹn tí mo fi ra irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tèmi. Ẹ bá mi gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n bà jẹ́ nìkan.

Ẹ bá mi gbá wọn mọ́ra.

Ọmọ yín,
Cleora


Windward, Carriacou
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 1996

Cleora, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Èmi Uriah Compton ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, pẹ́ńsù tí mo fi ń fàlà sára pákó ni mo sì fi ń kọ ọ́. N kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Ìwé kejì ni mo dé tí bàbá mi fi òòlù lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kan tó ń ná òkun àwọn erékùṣù wa, láti Grenada dé Petite Martinique, tí àwọn àgbà kì í wo ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè pé, "Ṣé Uriah ló kàn án?" N kò lo ìwé àwòrán rí. Ojú mi ni ìwé mi.

Orúnkún mi kò dùn mí. Ta ló sọ fún ọ? Verlyn náà ni. Sọ fún un kó máa kọ̀wé nípa orúnkún tirẹ̀.

Mo rí béárì rẹ. Mo gbé e kọ́ kí o má baà sọ pé bàbá rẹ lágídí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, atẹ́gùn òkun ti tú gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn àwọn ìràwọ̀ náà, gbogbo wọn ti já bọ́, adìyẹ ń ṣà wọ́n jẹ. Jenelle ní ẹranko yẹn ń wo òun. Ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé ibi tí màmá wà rèé? Ṣé nǹkan yìí ò ní pa á jẹ?" Kellon yára dá a lóhùn: "Ó ti pa á jẹ. Ṣé o ò rí i pé kò wálé?" Mo fa etí rẹ̀. Etí kì í ṣe bẹ́líìtì, má tìtorí ìyẹn kọ̀wé sí mi.

Ni mo bá jókòó, mo rò ó. Mo ní àwọn òyìnbó yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni wọn ò mọ̀. Ta ló rí ọmọ Windward tó fẹ́ lọ kí béárì nílé? Ọmọ tó bá lajú níbí, ọkọ̀ ló ń wò. Mo mú pákó pẹlẹbẹ kan, mo fi èédú ya ọkọ̀ sí i bí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ṣe ń rí i, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè hàn. Mo fàlà sí i, pákó lórí pákó, bí n ó ṣe kàn án gan-an. Apá òsì ti Kellon, apá ọ̀tún ti Jenelle. Ìwà rere kan, pákó kan: ọmọ á mú búrọ́ọ̀ṣì, á fi ọ̀dà búlúù kun ún. Láti ìsàlẹ̀ la ti ń kan ọkọ̀, a kì í ti òkè bẹ̀rẹ̀. Bí apá kan bá sì ga ju èkejì lọ, ọkọ̀ á lọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣáájú gbọ́dọ̀ dúró de ìkejì rẹ̀. Ṣé béárì rẹ ní òfin yẹn?

Ìbá ṣe pé o wà nílé kí o rí i! Kellon tí wọ́n ń pè ní jàgídíjàgan, òun ló ń fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ lọ tọ̀ kí wọ́n tó sùn, kí pákó ọmọ náà má baà dá tirẹ̀ dúró. Tíṣà Ismay wá wò ó, ó lóun fẹ́ ya irú rẹ̀ sí kíláàsì. Mo ní kó yà á, ṣùgbọ́n kó kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Bẹ́líìtì wà lórí ìṣó. Ìwé lo fi ránṣẹ́, ọkọ̀ ni mo fi dá ọ lóhùn.

Bá mi fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí irun rẹ̀ kì í já ránṣẹ́. Kí o sì rántí pé ọdún kan péré lo sọ pé o máa lò lọ́hùn-ún. Ọdún kẹta là ń jẹ yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Uriah Compton, akànkọ̀


Toronto
Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, 1996

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọgbọ́n orí. Mo rẹ́rìn-ín adìyẹ yẹn títí ọ̀gá mi fi yọjú wá wò mí. Mo ròyìn ọkọ̀ náà fún un, ó ní kí bàbá mi bá òun ya ọ̀kan fún ọmọ òun. Mo ní bàbá mi kì í kan ọkọ̀ fún ẹni tí kò ní òkun.

Búrọ́ọ̀ṣì rèé, mẹ́ta ni. Ẹ bá mi sọ fún Kellon pé mo gbọ́ pé ó ń ran àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà.

Ohun kan ló kù tí ẹ kò sọ. Kí ni ẹ̀bùn tó wà níparí? Ìwé kan wà tí ọ̀gá mi kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ẹ̀bùn náà kò gbọdọ̀ tóbi, kó sì jẹ́ ohun tó wà níkàáwọ́ ẹni. Ẹ ra bọ́ọ̀lù fún Kellon. Ẹ gbé Jenelle lọ wẹ̀ ní Sandy Island, kó jẹ áísìkiriìmù ní Hillsborough. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣèlérí ńlá.

Ní ti ọdún mẹ́ta tí ẹ kà sí mi lórí, ẹ̀yin lẹ sìn mí dé èbúté. Ẹ ní kí n má bojú wẹ̀yìn. N kò bojú wẹ̀yìn. Ìwé ìgbélùú ni mo ń dúró dè. Bó bá jáde, mo lè wá kó àwọn ọmọ mi. Kó tó jáde, n kò gbọdọ̀ kúrò.

Ọmọ yín,
Cleora


Windward
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà, 1996

Cleora,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Òjò ti dé. A ti gbin àgbàdo àti òtílí, wọ́n sì ti kéde pé kí oníkálukú so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìkórè. Ẹni tí àgùntàn rẹ̀ bá já wọ oko ẹlòmíì lásìkò yìí, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Ọkọ̀ wa ń gòkè. N kì í yin ara mi, àwọn èèyàn ló ń yìn mí. Ọmọ ilé Martineau, aládùúgbò wa, sọ òkò lu Kellon lórí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ọmọ rẹ kò gbọ́wọ́ sókè. Ó wá bá mi nídìí iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú.

"Bàbá àgbà, pákó mélòó nìyẹn?"

Mo ní, "Ọ̀kan."

"Tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fún un ní méjì. Ó fi aṣọ di orí, ó sì lọ bá Jenelle fọ aṣọ, kí tiẹ̀ náà lè gòkè.

O ń bi mí nípa ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ rẹ yà mí lẹ́nu. Ṣé ọmọ akànkọ̀ ni ọ́ ni àbí ọmọ béárì? Kí ni èrè ọkọ̀ bí kò ṣe kó wọ omi? Bọ́ọ̀lù! Bí pákó bá pé, a ó gbé e lọ sétí òkun, a ó pa òbúkọ, a ó fi àsíá bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá ìsàmì rẹ̀, obìnrin tó ń dúró fún ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń dúró fún ọmọ, á sì ṣí i lójú gbogbo ayé, bí a ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ọ. Jenelle bi mí pé, "Ta ni ìyá ìsàmì ọkọ̀ wa?" Mo ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́? Màmá rẹ ni." Inú ọmọ náà dùn débi pé ó lọ fọ àwo tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi jẹun.

Ọjọ́ wo ni wọ́n ti ọkọ̀ sómi ní Windward rí tí ọmọ ilé kò dé? Àwọn tó wà ní Trinidad ń dé. Àwọn ti ìlú òyìnbó ń dé. Nítorí náà, tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin tí ò ń ṣiṣẹ́ fún yẹn. Sọ fún un pé bàbá rẹ fẹ́ ti ọkọ̀ sómi. Ẹni tó bá láàánú lójú kò ní kọ̀. Oṣù kẹjọ dára, ìgbà eré ìje ọkọ̀ ni, gbogbo ilé á kún.

Mo ti kọ orúkọ ọkọ̀ náà sísàlẹ̀, mo ti fi aṣọ bò ó. N kò ní sọ ọ́ fún ọ.

Èmi ni,
Uriah Compton, akànkọ̀


Toronto
Ogúnjọ́ oṣù keje, 1996

Bàbá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Bí ìwé yìí bá dà bí àfojúdi, ẹ forí jì mí.

N kò lè wá. Mo ti sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Bí mo bá jáde nílùú yìí kí ìwé mi tó jáde, ẹnubodè ni wọ́n á ti dá mi padà, gbogbo ọdún tí mo fi nu ìdí ọmọ ọlọ́mọ á sì lọ sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ àánú ọ̀gá mi kọ́ nìyí. Òfin ni. Èèyàn kì í bẹ òfin.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹyin lohùn. Kí ló dé tí ẹ ju ẹyin yìí sílẹ̀? Mo ní kí ẹ fi bọ́ọ̀lù ṣe ẹ̀bùn, ẹ fi èmi ṣe é. Bàbá, n kò sí níkàáwọ́ yín, n kò tilẹ̀ sí níkàáwọ́ ara mi! Ta ló fún yín láṣẹ láti ná mi?

Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Bí ẹnu yín bá kọ̀ ọ́, ẹ fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó parí kí ìwé mi tó jáde. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé kò sí pákó tí ẹ kò lè tẹ̀.

Cleora


Windward
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án, 1996

Cleora,

Mo kí ọ nítorí pé ọmọ ni ọ́, ìkíni kì í ṣe ìjà. Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mú òòlù, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ̀ rẹ̀ á wọ omi kó má wọ̀ ọ́. Bèèrè láti ibí dé Saint Vincent. Nítorí tìrẹ, mo di òpùrọ́ lójú àwọn ọmọ tí kò ga tó ìbàdí mi.

N kò sọ fún wọn. O ní kí n fa ọkọ̀ sẹ́yìn, mo sì fà á. Gbọ́ bí mo ṣe fà á.

Jenelle gbá àgbàlá. Mo ní ewé ṣẹ́kù lẹ́yìn àgbá omi, kò sí pákó. Ó tún un gbá. Mo ní oòrùn ti mú kó tó tún un gbá, kò sí pákó. Kellon pọn omi, mo ní ó dà á sílẹ̀ lọ́nà. Jenelle gbàdúrà, mo ní ó kánjú. Ọmọ tó ń ṣe burúkú, a mọ bí a ṣe ń bá a wí. Ọmọ tó ń ṣe rere tí o kò sì fẹ́ kó ṣe é, báwo ni a ti ń bá ìyẹn wí? Èmi Uriah, pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àgbá omi, mo ń wá ewé. Verlyn rí mi láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n Bàbá, kí lẹ sọ nù?"

"Ìṣó ni."

"Ìṣó lábẹ́ ewé? Ọjọ́ ogbó ti dé o!"

Jenelle gbà mí gbọ́. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo bá kà sí i lọ́rùn, ó ń tọrọ àforíjì rẹ̀. Kellon kò tọrọ. Ó kàn ń wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọkọ̀ tí ẹlòmíì kàn tó ń jò.

Ó ku pákó díẹ̀ kó kún nígbà tí Kellon tú gbogbo àgùntàn Verlyn sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó sì lé wọn wọ inú òtílí. Kì í ṣe pé wọ́n já. Ó fi ọwọ́ tú u, okùn kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn èèyàn sì ń wò ó. Oko ilé mẹ́ta ni wọ́n jẹ. Gbogbo àdúgbò rọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi. Verlyn ń ké pé, "Uriah Compton, ọkọ̀ ìwà rere yín ti rì o! Ẹ wá bá mi wo ọkọ̀ ìwà rere!" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ní ojúlé mi, èmi tí ẹnikẹ́ni kò fi rẹ́rìn-ín rí.

Mo mú bẹ́líìtì. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo mú un. Ọmọ náà kò sunkún. Nígbà tí mo sinmi, mo fi ọ̀bẹ tí a fi ń fá ọ̀dà lé e lọ́wọ́ kó fá pákó mẹ́ta kúrò. Ó fá mẹ́ta, ó ń fá a lọ, n kò lè dá a dúró. Òfin ọkọ̀ sì ni pé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, a ní láti fá ti Jenelle náà. Ọmọbìnrin náà di ṣòkòtò mi mú, ó ń ké pé, "Òun ló tú àgùntàn, kì í ṣe èmi! Bàbá àgbà, kì í ṣe èmi!"

Nígbà tí Verlyn mú un lọ, mo bi Kellon léèrè pé kí ló wọ̀ ọ́ lára.

Ó ní, "Bí ọkọ̀ ò bá parí, èmi ni mo bà á jẹ́. Jenelle á máa bínú sí mi."

Mo ní, "Kí lèrè ìyẹn?"

Ó ní, "Kò ní bínú sí màmá."

Mo jókòó sórí ìtì igi. Bẹ́líìtì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

O gbọ́ àbí? Ta ló sọ fún un pé o kò ní wá? Kì í ṣe èmi. Ojú mi ló kà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló gbé ẹ̀bi rẹ rù, mo sì fi bẹ́líìtì lé e lórí. O ní kí àwọn ọmọ rẹ níwà rere. Wọ́n ti ní in, ó ti pọ̀ jù. Wá, tàbí kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ̀wé sí wọn. N kò ní purọ́ kan mọ́ lórúkọ rẹ.

Bàbá rẹ,
Uriah Compton


Toronto
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, 1996

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé àwọn ọmọ wà nínú èyí, ẹ bá mi kà á sí wọn létí, gbogbo rẹ̀, ẹ má fo ibì kankan. Mo sọ fún wọn pé n kò lè wá, pé kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n ṣe tàbí tí wọn kò ṣe.

Ojú mi wú láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ka ìwé yín. Ọmọ ọ̀gá mi béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní ojú ń dùn mí ni. Ó já ọ̀kan nínú ìràwọ̀ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní nítorí pé mi ò sunkún. Bàbá, mo lọ sídìí omi, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ parí ọkọ̀ náà. Èmi ni mo ní kí ẹ fà á sẹ́yìn, mo gbà, ẹ má ṣe fà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí Verlyn dúró nípò mi. Kí Jenelle má rò pé ìwà òun ni kò tó.

Ẹ bá mi fọwọ́ pa orí Kellon. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ kàn pa á lórí.

Cleora


Windward
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, 1996

Cleora,

Mo kí ọ. Mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. Mo ka ìwé náà dópin. Kellon lọ síta kí n tó parí rẹ̀. Jenelle gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kò burú," bí obìnrin tí wọ́n sọ fún pé ẹja ti tán lọ́jà. Mo fọwọ́ pa orí Kellon. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí mo fi gbé ọwọ́ kúrò.

Mo fọwọ́ ara mi kun pákó tó kù. N kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. A gbé e lọ sétí òkun lọ́jọ́ Sátidé. Mo pa òbúkọ, wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo ro kúkù, àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ jẹ bí àṣà. Èrò pọ̀. Àwọn míì wá fi mí ṣẹ̀sín ni, n kò fọ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Verlyn wọ aṣọ funfun, ó dúró nípò rẹ, ó na ọwọ́ sí àsíá tó bo orúkọ náà. Ni Jenelle bá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ má tíì ṣí i. Ọkọ̀ Grenada ò tíì dé."

Verlyn ní, "Jenelle, màmá rẹ ti kọ̀wé..."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dé ná."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún mi rí nídìí ọkọ̀ tí mo kàn. Mo ní kí a dúró. A dúró. Ẹran tutù nínú àwo. Ọkọ̀ èrò náà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń já èrò sílẹ̀ ní èbúté, Jenelle sì lọ dúró níbẹ̀, ó ń wo ojú obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ìyá arúgbó pàápàá. Nígbà tí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn, ó padà wá, ó ní, "Ẹ lè ṣí i báyìí."

Verlyn ṣí i. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀, Cleora, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Cosmus, bàbá tó ń rán ìgbòkun, sún mọ́ mi, ó ní, "Ọkọ̀ tó dáa ni, Uriah." Láti kékeré ni wọ́n ti ń yìn mí, ti ọjọ́ yẹn nìkan ló dùn mí wọ eegun. A tì í sómi. Ìṣàn omi gbé e lọ síhà Petite Martinique. Kellon kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó ń jẹun.

Má ṣe fi ohunkóhun ránṣẹ́ fún Kérésìmesì. A ní ohun tí à ń jẹ.

Uriah Compton


Toronto
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, 1997

Bàbá mi, bàbá mi, bàbá mi,

Ẹ bá mi jó! Ìwé ti jáde! Mo fi ọwọ́ kan dì í mú báyìí, mo ń fi èkejì kọ̀wé, ẹ wo bí lẹ́tà mi ṣe ń wọ́.

Mo ń bọ̀ ní oṣù keje láti wá kó wọn. Mo ti gba yàrá kan, ibùsùn méjì ti wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi. N kò ní sùn nílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ara fìríìjì mi á mọ́ fónífóní, ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ ìwé kankan síbẹ̀.

Ẹ sọ fún wọn lónìí, kí ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ sọ fún Jenelle pé èmi ni mo ń bọ̀, èmi gan-an. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi kíákíá. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe fò sókè. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé,
Cleora


Windward
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, 1997

Cleora, ọmọ mi,

O kú oríire. Mo yọ̀ fún ọ. Mo tọ́ ọmọ tó lè dúró, gbogbo Windward sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O ní kí n kọ gbogbo rẹ̀. Kellon ń pẹja lórí òkúta nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa," kò fa ìwọ̀ rẹ̀ jáde. Nígbà tó ṣe, ó bi mí bóyá ẹni tí kò bá fẹ́ lọ lè dúró. Mo ní ọmọ ní í tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń rò. Ìwọ lo máa bá a sọ ọ́.

Jenelle kò fò. Ó wọlé lọ, nígbà tó jáde, ó ti wẹ̀, ó ti ya irun rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ dání.

"Bàbá àgbà, kí ni mo máa ṣe ná?"

Mo ní, "O ò ní ṣe nǹkan kan. Màmá rẹ ń bọ̀ ni."

"Mo gbọ́. Kí ni mo máa ṣe kó tó lè wá?"

"Kò sí, Jenelle. Ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ń bo àṣírí àgbàlagbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbá ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ó ń jí ṣáájú mi. Ó ń gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Verlyn, ó ń wo ẹ̀yìn àgbá omi fúnra rẹ̀. Kì í tọrọ ẹran mọ́. Láná, ìkarahun gé e lẹ́sẹ̀, ó jinlẹ̀, ó fi ẹ̀wù dì í, ó sì fi pa mọ́ fún mi, kí n má baà rí i pé ó sunkún. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni mo tẹ̀ lé tí mo fi bá a lábẹ́ ibùsùn. Mo gbé e, ó ń sọ pé, "Mi ò ké, Bàbá àgbà. Ẹ sọ fún màmá pé mi ò ké."

Cleora, kò sí ohun tí mo kàn láyé mi tí n kò mọ bí a ṣe ń tú u. Pákó tí mo fi ìṣó bàbà kàn, mo lè yọ ọ́ kí ojú ihò má hàn. Èyí tí mo kàn sọ́kàn ọmọ yìí, pé iṣẹ́ ló fi ń ra ìyá rẹ̀, ti borí mi. Mo ti sọ̀rọ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti lọ ra bọ́ọ̀lù láìnídìí. Ó dúpẹ́, ó gbé bọ́ọ̀lù náà pamọ́, ó ní ó di ìgbà tí o bá dé.

Kí o tó kúrò nílé obìnrin yẹn, bá mi bi í léèrè: ìwé tó kà nípa ẹ̀bùn yẹn, ṣé ó sọ bí a ṣe ń mú un kúrò lára ọmọ? Bó bá sọ ọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ kíákíá. Má dúró di oṣù keje.

Bàbá rẹ,
Uriah Compton